Ìbejì Tí Kì Í Jẹ Ẹ̀wà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá alẹ́ ku díẹ̀.

Ọwọ́ mi ń rùn. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, síbẹ̀ òórùn ìrù kò kúrò. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti wà ní ilé ìdáná, èmi tí ìyá mi máa ń sọ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé omi kaná. Kóńgò ẹ̀wà kan àtààbọ̀ la bó lónìí. Ó yẹ kí n ti lọ sùn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí a ti ń yí oúnjẹ ilé yìí padà, mi ò sì tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa rẹ̀.

Ajá ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Lóòótọ́, ní oṣù kan ṣáájú ìgbà náà, ìyàwó mi ti yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wò (nọ́ọ̀sì ni, gbogbo wa nínú ilé yìí ni aláìsàn rẹ̀), ó bá a ní 148 lórí 96, ó mirí, ó ní kí n dín iyọ̀ kù. Mo ní mo ti gbọ́. Mo kúkú gbọ́, mi ò kàn ṣe é ni. Àfi lọ́jọ́ Àìkú kan tí ajá àdúgbò fa àpò ìdọ̀tí wa ya lẹ́nu géètì. Kí n tó jáde, afẹ́fẹ́ ti gbé ọ̀rá núdùlù káàkiri ìta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ìyá tó ń gbé òdìkejì ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ní, "A dúpẹ́, mà." Mo ń kà á sínú bí mo ṣe ń ṣà á: 31. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹnu márùn-ún. Mi ò tíì ka ti sọ́séèjì àti ti bisikíìtì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ìgò ẹlẹ́rìndòdò.

Kì í ṣe ojú ìyá yẹn ló tì mí. Àpò ìdọ̀tí tirẹ̀ náà lè má sàn ju tiwa lọ. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò rí èèpo kan ṣoṣo nínú ohun tí mo ṣà. Kò sí èèpo iṣu, kò sí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí ewé. Ilé tí èèyàn márùn-ún ti ń jẹun láràárọ̀ àti lálaalẹ́!

Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìbànújẹ́ ni pé ìbejì la bí. Táyé obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ìdòwú tó tẹ̀lé wọn ti pé márùn-ún. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀wà loúnjẹ ìbejì? Lọ́jọ́ tí a sọ wọ́n lórúkọ, ìyá mi se ẹ̀wà rẹpẹtẹ, ó da epo pupa lé e lórí, ó pín in dé ojúlé keje. Àwọn tí wọ́n torí wọn se ẹ̀wà fún gbogbo àdúgbò, bí wọ́n bá fojú kan ẹ̀wà lórí tábìlì báyìí, ṣe ni wọ́n ń wò ó bí ẹni tó rí àgbo ibà.

Lálẹ́ ọjọ́ ajá yẹn, a kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù sórí ẹní, a ń ka ẹ̀yìn páálí àti ọ̀rá. Ìyàwó mi ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kà á: ohun tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, èyí tó kéré jù á gbẹ̀yìn. Táyé mú bisikíìtì kan tí a ti ń pè ní oníwàrà látọjọ́ yìí, ó wá wàrà títí, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bá a, lẹ́yìn ṣúgà, lẹ́yìn òróró, lẹ́yìn iyọ̀ pàápàá. "Dádì, irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa!" Kẹ́hìndé mú ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni pé gíráàmù ṣúgà 10.6 ló wà nínú 100ml. Mo ní kó ṣírò rẹ̀, ó di 53. A gbé páálí ṣúgà oníhóró jáde, a ka hóró kan sí gíráàmù 4, ó ń tò ó sínú àwo: hóró 13. Ìdòwú nawọ́ sí àwo náà, ó fẹ́ máa kó o jẹ. Ní 2022 ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí ọmọ tí ìyẹn dí lọ́wọ́ o.

Nígbà tó kan iyọ̀, ìyàwó mi bu ṣíbí tíì kan, ó fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ó ní WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà máa jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ kún ṣíbí yìí, àti ti inú búrẹ́dì, àti ti mágí, àti ti ọ̀rá kékeré inú núdùlù. Ó wò mí. Mo ń wo àjà.

Ìbínú ni mo wá fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Lọ́jọ́ Ajé mo kó gbogbo núdùlù tó kù fún ọlọ́dẹ àdúgbò (mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó ni pé kí lòun náà fi ṣe mí), mo sì kéde pé oúnjẹ inú ọ̀rá ò gbọdọ̀ wọlé yìí mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo jí láago mẹ́rin ààbọ̀, mo gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀wà kọ̀, kò jiná. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé dé láago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń fun fèrè, ẹ̀wà ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Búrẹ́dì gbígbẹ ni wọ́n jẹ lọ. Lọ́jọ́rú mo se iṣu sínú kúlà fún wọn. Kẹ́hìndé fi ègé méjì gba sọ́séèjì kan lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó délé, ó ń ròyìn ọjà tó tà. Lọ́jọ́ Ẹtì, gáàsì tán, sílíńdà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ kún.

Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń mi sílíńdà. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé oúnjẹ lẹ rò pé ẹ kó fún ọlọ́dẹ? Àkókò lẹ kó fún un."

Mo jókòó. Òótọ́ ni. Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí núdùlù wọlé wa: ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé ìyàwó mi lọ sí iṣẹ́ alẹ́ ni, ìbejì ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta, èmi nìkan ni mo ń múra fún wọn láàárọ̀. Omi hó, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọmọ ti jẹun, ọmọ ti wọ bàtà. Ó bá wa tọ́mọ, ká má purọ́. Bí mo bá wá fẹ́ lé e lọ, àfi kí n wá ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ni mo bá pe ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Mo ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ bí ayé ìgbà tiwọn ṣe dára tó. Mo ní, "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe ń ráyè se gbogbo oúnjẹ yẹn nígbà tí a wà ní kékeré?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àyè wo? Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ mẹ́ta ló ń bó ẹ̀wà, ìwọ ń gbá bọ́ọ̀lù kiri. Ológì sì ń kiri wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà." Mo ní ó ṣáà dáa tí kò sí mágí nínú ọbẹ̀ wa nígbà náà. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Inú ìṣà ìrù ni mo máa ń fi pamọ́ sí, kí bàbá rẹ má baà rí i."

Ìyá mi! Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi ọbẹ̀ wọn yangàn fún ìyàwó mi.

Wọn ò kúkú fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀wà olóyin ni kí n máa rà, pé ó máa ń tètè jiná. Kí n rẹ ẹ́ sómi lálẹ́, kí n da omi ọ̀hún nù láàárọ̀, kò ní jẹ gáàsì tó bẹ́ẹ̀, inú àwọn ọmọ ò sì ní máa kún. Wọ́n ní kí n yéé sáré kiri láràárọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí n mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí gbogbo ilé kọ́wọ́ bọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n fi ẹrù rán awakọ̀ kan láti gáréèjì: èlùbọ́, ìrù wooro, àti ìrù pẹ̀tẹ̀ tí wọ́n fi ewé dì. Mo tú u wò dáadáa. Kò sí mágí níbẹ̀.

Bí ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe di ọjọ́ ọjà Bódìjà n'Íbàdàn nìyẹn. Mo ti ń ná Bódìjà tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra páálí ò tíì mọ ọjà. Mo kiwọ́ bọ ẹ̀wà kan, mo ní, "Ìyá, ẹ̀wà yìí mà mọ́ o, kòkòrò ò fọwọ́ kàn án." Ìyá oníẹ̀wà wò mí bí ẹni wo ọmọdé. Wọ́n ní, "Ẹ ò bi ara yín léèrè pé kí ló lé kòkòrò?" Wọ́n na ọwọ́ sí àpò kejì, tí àwọn kan nínú rẹ̀ ti ní ihò, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ti ń bu ti ilé àwọn. Àyà mi já, torí mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn kan máa ń da dichlorvos, oògùn kòkòrò, sí ẹ̀wà kó má baà bàjẹ́. Ní 2019 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀ tí ò ju 100ml lọ. Torí náà, ẹni tó bá ń sọ fún mi pé oúnjẹ inú ọ̀rá nìkan ló ní wàhálà, màá ní kó bá mi lọ sọ́jà ẹ̀wà. Mo ra èyí tó níhò. Ìdòwú ló ń ṣa kòkòrò inú rẹ̀, ó ń kó wọn sínú ìgò, ó ní ẹran ọ̀sìn òun ni.

Mi ò retí pé iṣẹ́ yìí gan-an làwọn ọmọ máa fẹ́ràn. Táyé ló ń bó ẹ̀wà: ó ń fọwọ́ ra á nínú omi, èèpo á léfòó, á fi asẹ́ gbọ̀n ọ́n kúrò, á tún bu omi sí i. Èmi máa ń gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta, pẹ̀lú tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Kẹ́hìndé ló ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé eéran. Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ dán an wò, mẹ́fà ló tú sínú ìkòkò, ó di ọbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, kò sí èyí tó jò, ó sì jókòó, ó jẹ mẹ́rin. Mo ní, "Kẹ́hìndé, ẹ̀wà lò ń jẹ yẹn o." Ó ní, "Ẹ̀wà kọ́ nìyí, Dádì. Mọ́ínmọ́ín ni." Mi ò bá a jiyàn.

Àárọ̀ wa ti wá rọrùn díẹ̀. Mọ́ínmọ́ín wà nínú fíríìsà, bí iná bá ti wà. Ológì àdúgbò ń já ògì bàbà sílẹ̀ fún wa. Ọ̀dùnkún àti ẹyin kì í pẹ́ jiná. Ìpápánu ilé ìwé ni ẹ̀pà sísun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìrẹsì Ọ̀fadà wọ́n, ọjọ́ Àìkú nìkan là ń rí i. Zóbò tí mo kọ́kọ́ sè láìfi ṣúgà sí, èmi nìkan ni mo mu ún tán, pẹ̀lú omijé. Ọ̀pẹ òyìnbó àti atalẹ̀ ló padà gbà á sílẹ̀. Ẹ̀fọ́ ṣì ń bá Ìdòwú jà. Ó máa ń ṣa ṣọkọ kúrò nínú ọbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n yí etí abọ́ ká. Ìyàwó mi tún yẹ ìfúnpá mi wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti wá sí 138 lórí 88. Ó ní kí n má tíì jó.

A ò kúkú lé núdùlù lọ tán. Alẹ́ Ọjọ́rú ni tirẹ̀: ọ̀rá mẹ́rin fún gbogbo ilé, ìdajì ìyẹ̀fun inú ọ̀rá kékeré, ẹyin àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ nínú rẹ̀. Orí wọ́dúróòbù ni páálí rẹ̀ wà, kí ọwọ́ ọmọ má tó o. Ọwọ́ tèmi tó o. Lọ́jọ́bọ̀, láago mọ́kànlá alẹ́, ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́, mo se ọ̀kan nínú òkùnkùn, mo da gbogbo ìyẹ̀fun rẹ̀ sí i, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Mo gbàgbé pé Táyé ló ń ka ọ̀rá. Láti ọjọ́ ajá yẹn, ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ló máa ń yẹ inú gárawa ìdọ̀tí wò, á kọ iye rẹ̀ sára bébà tó lẹ̀ mọ́ fíríìjì. Lónìí ó dìde, ó nawọ́ sókè: "Ó yẹ kó jẹ́ 4. 5 ni mo rí." Gbogbo ojú yí sí Kẹ́hìndé, nítorí ọ̀rọ̀ sọ́séèjì ọjọ́sí. Ó búra. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń pọ́n mọ́ínmọ́ín bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún.

Nígbà tí àwọn ọmọ sùn tán, ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú orí ire." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ pé Kẹ́hìndé ni yóò fọ gbogbo abọ́ lọ́la. Màá bá a fọ̀ ọ́.