Àyẹ̀wò Ọdún 2024: Káàdì Alájọ àti Ìpín Tó Kù Sí Wa Lọ́wọ́

Káàdì kan wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Páálí aláwọ̀ ewé ni, etí rẹ̀ ti jẹ, epo pupa sì ti ta sí i lápá kan. Àpótí 31 ló wà lára rẹ̀. Màmá elélùbọ́ kan ní Bódìjà nílùú Ìbàdàn ló ni ín, 500 náírà ni wọ́n sì ń dá lójúmọ́. Bí àpótí bá kún tán, alájọ á kó owó 30 ọjọ́ fún wọn, á mú ti ọjọ́ kan tó kù. Owó ẹsẹ̀ tó fi ń rìn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Lóṣù tó kọjá ni Màmá fún mi ní káàdì náà, wọ́n ní kí n gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì. Òun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọdún mi, torí ohun tí mo ń wá lọ sí Èkó fún oṣù mẹ́rin gbáko, ara káàdì yìí ló wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ wa, áàpù fún àwọn alájọ là ń ṣe. Bí alájọ bá gba owó, á tẹ iye rẹ̀ sórí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì wọlé fún ẹni tó dá owó náà kí alájọ tó kúrò níwájú ìsọ̀. Òjò tó pa ìwé alájọ ìyá àgbà mi ní Ọ̀jẹ́ ló gbé èrò yìí sí mi lọ́kàn: bàbá náà kò jalè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye tí ẹnikẹ́ni dá mọ́. A kì í fọwọ́ kan owó rárá. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ máa gba owó ìfowópamọ́ lọ́wọ́ ará ìlú gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀, CBN. Báńkì microfinance tó máa ní ẹ̀ka kan péré ní ìgboro gbọ́dọ̀ ní 200 mílíọ̀nù náírà nílẹ̀. Àkọsílẹ̀ nìkan ni tiwa.

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo kọ sínú ìwé mi: wá olùdókòwò. Ọmọ iléèwé ni mí lọ́dún 2020 nígbà tí Stripe, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn oníṣòwò gbowó lórí ayélujára, ra Paystack, irú rẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà níbí, tí ìròyìn ń sọ pé iye rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ìròyìn yẹn ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìran wa pé báyìí ni ilé-iṣẹ́ ṣe ń rí. Ohun tí a kò fara balẹ̀ wò ni pé láti ọdún 2015 ni Shola Akinlade àti Ezra Olubi, àwọn tó dá Paystack sílẹ̀, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, àwọn oníṣòwò sì ti ń fi gbowó lójoojúmọ́ kí Stripe tó dé.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà lọ sí Èbúté Mẹ́ta nígbà méje láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo lọ bá gbọ́ mi dáadáa. Obìnrin kan láàárín wọn kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní, "Àbúrò, ta ló ń sanwó?" Alájọ 31 ló ń lo áàpù wa nígbà náà, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn ń lò ó. Mo dákẹ́. Wọ́n ní kí n padà wá tí mo bá ti mọ ìdáhùn.

Ẹlòmíràn ní òun fẹ́. Mílíọ̀nù 12 náírà, kí a fún òun ní ìpín 40 nínú 100 ilé-iṣẹ́ wa. Inú wa dùn débi pé ẹnì kejì mi nínú iṣẹ́ yìí sunkún lórí fóònù. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ló kù nílẹ̀ fún wa, 600,000 la sì ń ná lóṣù. Oṣù méjì ààbọ̀ péré ló kù kí iná kú. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ lọ́yà ní Òkè-Àdó ní kí a kọ́kọ́ gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ wa ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wá. Wọ́n wò ó, wọ́n fa rìsíìtì kan yọ, wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀: 40, 24, 21, 15. Wọ́n yí i sọ́dọ̀ mi. "Ta ni 15 yìí?"

Ọ̀rẹ́ wa kẹta ni. Mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022. Lọ́jọ́ tí a forúkọ sílẹ̀, a pín in láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá: èmi 40, ẹnì kejì mi 35, òun 25. Òun ló kọ áàpù àkọ́kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì dá ṣáká. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún ìwé Kánádà rẹ̀ jáde, a jọ jẹ àmàlà ìdágbére ní Mọ́kọ́lá, ó lọ. Ìpín náà tẹ̀ lé e lọ. Òfin kì í béèrè ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí kò ṣe é. Orúkọ tó bá wà nínú ìwé ló ni ín. Tí a bá gba mílíọ̀nù 12 yẹn, 60 tó kù la máa pín bí a ṣe pín 100 tẹ́lẹ̀: àwa méjì tó ń sùn sí ọ́fíìsì á ní 45 pọ̀, ẹni tó wà ní Kánádà á ní 15, àlejò á mú 40. Bí àwọn méjèèjì yẹn bá pa ìbò pọ̀ lórí ohunkóhun, a ti pàdánù rẹ̀ kí a tó la ẹnu. Olùdókòwò tó bá sì fẹ́ wọlé lẹ́yìn ìyẹn á tún bù nínú ohun tó kù sí wa.

Ẹ̀gbọ́n lọ́yà ṣàlàyé ohun tó yẹ kí a ti ṣe. Bí ó ṣe wọ́pọ̀ ni pé kí olùdásílẹ̀ fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ gba ìpín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì rí ohunkóhun mú lọ tí kò bá pé ọdún kan. Ojú ìwé kan péré ni ìbá gbà wá lọ́jọ́ kìíní. Kì í ṣe pé a ò gbọ́ ọ rí. Ojú ń tì wá láti gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú ọ̀rẹ́.

Wọ́n tún fi ti Y Combinator wé e fún wa, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fowó sínú ilé-iṣẹ́ tuntun, tí wọ́n gba Paystack wọlé lọ́dún 2016. 500,000 dọ́là ni wọ́n ń fi sínú ilé-iṣẹ́ báyìí. 125,000 nínú rẹ̀ ń gba ìpín 7 nínú 100. Iye ìpín tí ìyókù máa gbà dọwọ́ àdéhùn tí àwọn olùdókòwò ẹ̀yìn wọn bá ṣe. Owó wọn àti tiwa kò dọ́gba, mo mọ̀. Àmọ́ ó yé mi pé ẹni tó ń fi owó ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa kì í fẹ́ kí ìpín tán lọ́wọ́ ẹni tó máa jí ṣiṣẹ́ náà láàárọ̀.

A ní rárá fún mílíọ̀nù 12 náà. Mi ò tíì sọ gbólóhùn tó nira tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje la fi bá ọ̀rẹ́ wa sọ̀rọ̀. Alẹ́ kan wà tí a sọ̀rọ̀ kíkan sí ara wa, ìyàwó rẹ̀ ló gba fóònù tó pẹ̀tù sí i. Nígbẹ̀yìn, ó fọwọ́ sí ìwé, ó dá 20 padà, ó fi 5 sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Báyìí, èmi ní 45, ẹnì kejì mi 40, òun 5, a sì ya 10 sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìwé ọlọ́dún mẹ́rin ti wà láàárín àwa méjèèjì pẹ̀lú.

Mo gbìyànjú báńkì. Lóṣù Kẹfà tí mo lọ, èlé tí CBN fi lélẹ̀ jẹ́ 26.25 nínú 100. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá ó ti di 27.50. Èyí tí báńkì máa gbà lọ́wọ́ irú wa ju ìyẹn lọ, wọ́n sì béèrè ìwé ilé. Bàbá mi gbé fáìlì ilé wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un.

Bí a ṣe rí owó ná ni pé mo wọ àjọ. Ẹni mẹ́wàá, 100,000 lóṣù, wọ́n sì jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó ti oṣù Karùn-ún: mílíọ̀nù kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní kọ̀ǹpútà ní Àgbọ́wọ́ lópin ọ̀sẹ̀ kí n lè máa dá tèmi. Àwa méjèèjì ò gba owó oṣù.

Ẹni tó wá dáhùn ìbéèrè obìnrin Èkó yẹn ni Bàbá Alájọ kan ní Bódìjà. A ti ní kí alájọ máa san 5,000 lóṣù, kò sẹ́ni tó gbà. Bàbá ní, "Ọmọ mi, èmi náà kì í gba owó níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Tí mo bá ti mú ti ọjọ́ kan tèmi lọ́wọ́ oníbàárà, kí ẹ wá bù ú níbẹ̀." Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n dá lábàá. Oníbàárà 120 ni wọ́n ní, 500 sì ni púpọ̀ nínú wọn ń dá: 50 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 6,000 lápapọ̀. Ó ju 5,000 tí wọ́n kọ̀ lọ, wọ́n sì fi tayọ̀tayọ̀ san án.

Àmọ́ ìṣirò kò tíì pé. Ọjọ́ 26 ni alájọ ń jáde lóṣù, torí kì í rìn lọ́jọ́ Àìkú. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń jẹ wá ní náírà mẹ́rin. 104 náírà là ń ná lórí ẹni tó ń mú 50 wá! Bí oníbàárà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni à bá máa jẹ gbèsè sí i, owó olùdókòwò kankan ò lè tún ìyẹn ṣe. A yí i padà: ẹni tó bá ní WhatsApp ń rí tirẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Náírà 16 lóṣù.

Epo bẹntiróò kọjá 1,000 náírà ní lítà kan lóṣù Kẹwàá; a ta jẹnẹrétọ̀, à ń bá iná ìjọba rìn. Ọmọbìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé àwọn alájọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń kọ́ wọn títí ọwọ́ wọn á fi mọ́ fóònù. Òun ló mú 31 di 96. Nínú 10 tí a yà sọ́tọ̀ yẹn, tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde.

Lóṣù Kejìlá yìí, 528,000 ló wọlé, 640,000 ló jáde, 900,000 ló kù nílẹ̀. Àlàfo 112,000 ni lóṣù, 900,000 yẹn á sì gbé wa fún oṣù mẹ́jọ. Mo pe obìnrin Èkó náà, mo sọ iye ẹni tó ń sanwó fún wọn. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, kí n mú ìwé ìṣirò dání. Màá mú káàdì Màmá náà dání.

Àjọ mi ku owó oṣù méjì kí n tó dá a tán, oṣù Kìíní àti oṣù Kejì. Ìwé ilé Bàbá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.