Áísópọ́ọ̀dù Ńlá Ìsàlẹ̀ Òkun, Mọ̀lẹ́bí Edé àti Akàn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwòrán áísópọ́ọ̀dù ńlá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bathynomus giganteus ló máa ń pè é ní abàmì, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ orúkọ yẹn rárá. Mọ̀lẹ́bí edé àti akàn ni. Ó ní ìbátan kan lórí ilẹ̀ tó tilẹ̀ tún sún mọ́ ọn jù wọ́n lọ, ìyẹn kòkòrò kékeré aláwọ̀ eérú tó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ òkúta àti igi jíjẹrà, tí òmíràn nínú wọn sì máa ń ká ara rẹ̀ kò róbótó bí a bá fọwọ́ kàn án. (Kì í ṣe ọ̀kùn ni mo ń wí o, ẹ̀yà tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.) Ẹsẹ̀ 14 ni kékeré fi ń rìn, ẹsẹ̀ 14 náà ni ńlá fi ń rìn, èèpo líle tó bo ẹ̀yìn àwọn méjèèjì sì tò léra wọn ní awẹ́ awẹ́. Títóbi ni ìyàtọ̀ tó hàn síta jù, nítorí pé ti ìsàlẹ̀ òkun lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, kí ó sì wúwo ju kílò kan lọ.

Alphonse Milne-Edwards, onímọ̀ ẹranko ará Faransé, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1879, lẹ́yìn tí wọ́n fi àwọ̀n wọ́ ọ̀kan jáde láti inú Ìyawọlẹ̀ Omi Mẹ́síkò. Ìròyìn ńlá ni, torí pé ní 1843 Edward Forbes, onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun, ti sọ pé kò jọ pé ohun abẹ̀mí kankan wà nínú òkun bí èèyàn bá ti kọjá nǹkan bí 550 mítà sísàlẹ̀.

Bó ṣe ń bọ́ èèpo rẹ̀ ló wù mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Akàn a máa gba ẹ̀yìn jáde nínú èèpo àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n áísópọ́ọ̀dù á kọ́kọ́ bọ́ ìdajì ẹ̀yìn, ìgbà tó bá yá ni yóò tó bọ́ ìdajì iwájú. Abo rẹ̀ kì í da ẹyin sínú omi. Inú àpò kan lábẹ́ àyà ló ń gbé wọn sí, àwọn ọmọ á sì jáde ní àwòrán ìyá wọn, àfi ẹsẹ̀ méjì tó kẹ́yìn tí kò tíì hù.

Oúnjẹ kò wọ́pọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun. Òkú ẹja àti ti ẹran ńlá tó bá rì wálẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ, nítorí náà wọ́n ní láti jẹ àjẹyó nígbà tó bá wà, kí wọ́n sì fara da ebi nígbà tí kò bá sí. Ní 2019, àwọn onímọ̀ láti Louisiana sọ òkú ọ̀nì sí ìsàlẹ̀ Ìyawọlẹ̀ Omi Mẹ́síkò, ní nǹkan bí 2,000 mítà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn áísópọ́ọ̀dù ti dé ìdí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nì náà, wọ́n ti dá awọ líle rẹ̀ lu, wọ́n sì ń jẹ ẹran inú rẹ̀. Ní ilé ìtọ́jú ẹran omi Toba ní Japan ẹ̀wẹ̀, ọ̀kan jẹun ní oṣù January 2009, kò sì fẹnu kan oúnjẹ mọ́ títí ó fi kú ní February 2014. Ó lé ní ọdún 5! Ara tí kì í kánjú ná agbára rẹ̀ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí kò tíì parí lórí wọn. Ní 2025 ni wọ́n fún irú tuntun kan láti òkun Vietnam ní orúkọ Bathynomus vaderi, wọ́n sì ti ń pa àwọn áísópọ́ọ̀dù ńlá tà fún jíjẹ níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé irú ọ̀tọ̀ wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára. Ẹyin ẹ̀dá yìí tóbi ṣùgbọ́n kò pọ̀ níye, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń dẹ àwọ̀n sílẹ̀ níbẹ̀ àti àwọn onímọ̀ jọ ka iye tí wọ́n ń kó jáde, àti iye abo tó gbé ẹyin sínú àpò láàárín wọn.