Nígbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá bá àrùn ìgbàgbé rìn pọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, bí arúgbó tí ó ní àrùn ìgbàgbé bá ń sunkún, tí kò fẹ́ jẹun, tí kò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, ohun tí a máa ń sọ ni pé ogbó ló dé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó sì ní ìtọ́jú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ẹni tí kò rántí àná kò lè ròyìn bí ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ṣe rí lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń lo òṣùwọ̀n Cornell, tí wọ́n fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára ẹni tí ó ní àrùn ìgbàgbé, tí ó ti wà láti ọdún 1988, tí ó ní ìbéèrè 19, tí wọ́n sì ń bi ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú: ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń rù, ṣé ohun ayọ̀ ṣì ń mú inú rẹ̀ dùn? Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó là wá lójú nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ta aṣọ òkè pẹ́ ní ọjà Òjé ní Ìbàdàn, kì í dá àwọn ọmọ wọn mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ sányán sí wọn lẹ́sẹ̀, wọn a máa fi àtàǹpàkò tọ ojú ìrán rẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye lé e. Nígbà tí wọ́n wá ń ti aṣọ náà sẹ́yìn láìwò ó, a mọ̀ pé ìgbàgbé nìkan kọ́ ni.

Ní ọdún 2011, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí Sube Banerjee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn 326 tí ó ní Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan, àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan lo sertraline, àwọn kan lo mirtazapine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni méjèèjì, àwọn yòókù sì lo hóró tí kò ní oògùn kankan nínú. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ 13, ìrẹ̀wẹ̀sì ti dínkù lára gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lo oògùn kò sàn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ìpalára ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: nínú ọgọ́rùn-ún, 43 lára àwọn tí ó lo sertraline àti 41 lára àwọn tí ó lo mirtazapine ni ó rí i, nígbà tí ó jẹ́ 26 lára àwọn yòókù. Lójú tèmi, bíbẹ̀ wọ́n wò àti bíbi wọ́n léèrè ara wọn wà lára ohun tí ó mú gbogbo wọn fúyẹ́.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan wà tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju àwọn wọ̀nyí lọ, èyíinì ni amitriptyline, nítorí pé ó ń dí èròjà tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan lọ́wọ́, ó sì lè dá kún ìdàrúdàpọ̀ arúgbó.

Kí a tó sọ̀rọ̀ oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara wò dáadáa, nítorí pé ìrora, àìrígbẹ́yà, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìgbọ́ràn lè mú ènìyàn sorí kodò. Orúnkún ń ro ìyá wa yìí, wọn kò sì lè sọ ọ́. Ìdọ̀tí sì ti dí wọn ní etí méjèèjì. Lẹ́yìn tí dókítà tọ́jú ìwọ̀nyí, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀gúsí fún wọn bó láràárọ̀ níta, níbi tí àwọn tí ń kọjá ti ń kí wọn. Wọ́n ń bó o, wọ́n ń da èèpo mọ́ ọmọ, a kò sì bá wọn wí. Ìgbàgbé kò kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń béèrè oúnjẹ, wọ́n sì tún ń ná sányán.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ni ẹ̀gúsí bíbó lè yanjú. Bí arúgbó bá kọ oúnjẹ àti omi, tí ó ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tí ìrẹ̀wẹ̀sì líle ti ṣe é rí kí ìgbàgbé tó dé, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Oògùn lè tọ́ sí i. Ní Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ti wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, láti ọdún 2012. Ẹ̀yin tí arúgbó yín sì ti ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.