Bọ́tìnnì tó gbọ́ Yorùbá: tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì là

Áàpù wà tó ń fi pátákó ọ̀rọ̀ hàn lójú tábúlẹ́ẹ̀tì: ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ á tẹ bọ́tìnnì, tábúlẹ́ẹ̀tì á sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Bí ẹ bá kàn túmọ̀ pátákó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ yín á máa sọ̀rọ̀ bí òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàlúù. Ọmọ tẹ "mo", ó tẹ "fẹ́", ó tẹ "omi": ó dáa. Ó wá tẹ "mo", ó tẹ "kò", ó tẹ "fẹ́". "Mo kò fẹ́" ló jáde. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé? "Mi ò fẹ́" là ń sọ, nítorí náà ẹ gbà á sílẹ̀ lódindi sórí bọ́tìnnì kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni "fún mi", "ó ti tó", "kí nìyẹn?", "mo fẹ́ tọ̀".

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. "You" kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá sọ "wá" fún ìyá àgbà, wọ́n á ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ àwa la kò fún un ní "ẹ wá". Ẹ ṣe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ káàárọ̀" sì wà nítòsí.

Ní ti áàpù, orí ẹ̀rọ Apple nìkan, bíi iPad àti iPhone, ni Proloquo2Go ti ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ sì ju 200 dọ́là lọ. Ọ̀fẹ́ ni Cboard, ó sì wà fún Android. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ má fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ka Yorùbá. Kò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, kò sì mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́. Ẹ wá ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ yín, akọ fún akọ, abo fún abo, kó ka ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ pa fáànù, ẹ dúró kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sinmi. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ìdákẹ́jẹ́ tó wà níbẹ̀rẹ̀ ohùn kúrò. Bí bọ́tìnnì bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó fọhùn, ọmọ á rò pé kò gbọ́, á tún un tẹ̀, á tún un tẹ̀.

Orúkọ nǹkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kó síbẹ̀: ìrẹsì, bọ́ọ̀lù, bàtà. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ń ṣiṣẹ́ jù: fẹ́, lọ, ṣí, tún, rárá. "Tún" wúlò nídìí oúnjẹ, nídìí orin, nídìí jangirọ́fà. Ẹ má yọ "rárá" kúrò nítorí pé ó ń tẹ̀ ẹ́ jù.

Bí ẹ bá fẹ́ 40 bọ́tìnnì lọ́jọ́ iwájú, ẹ to 40 láti òní, kí ẹ fi àwọn tí kò tíì nílò pamọ́. Ọwọ́ ló ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, bí ọwọ́ ṣe ń mọ súìṣì iná nínú òkùnkùn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin ńláńlá, tó wá yí i padà, ti dá ọmọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ mú ìgò ohun mímu: ẹ tẹ "ṣí", kí ẹ ṣí i. Ẹ bu díẹ̀ sí ife, kí ẹ dúró. Ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn yín. Bí kò bá tẹ nǹkan kan, ẹ tẹ "tún" fúnra yín, kí ẹ sì bu sí i. Ẹ má di ọwọ́ rẹ̀ mú tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì sọ ọ́ di ìdánwò: "Omi dà? Tẹ omi!" Ó lè gba oṣù mélòó kan kó tó dá tẹ̀ ẹ́.

Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò yọ̀lẹ, kò ní fi ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Millar, Light àti Schlosser, yẹ ìwádìí àtẹ̀yìnwá lórí irú ìrànlọ́wọ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ní 2006. Nínú ènìyàn 27 tí ẹ̀rí tiwọn dájú jù, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dín kù. Ti 24 pọ̀ sí i.

Ẹ má fi kàtúùnù sórí rẹ̀. Lórí iPad, ẹ tan Guided Access nínú Accessibility. Lórí Android, ẹ wá App pinning, kí ọmọ má baà jáde nínú áàpù. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ike oníhò tí wọ́n ń gbé lé ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ kó ṣèèṣì tẹ ti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ pátákó náà sórí ìwé A4, bó ṣe tò gan-an, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó. Òun ni ọmọ á máa tọ́ka sí nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, àti nígbà tó bá ń wẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un, ẹ tọ́jú ẹ̀dà fáìlì náà síbòmíràn, nítorí tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọdé kì í pẹ́ já bọ́.