Ọjọ́ Méjì ní Ìsàlẹ̀ Òkè: Bí Afẹ́fẹ́ Ṣe Dá Lífìtì Dúró

Ọjọ́ Mọ́ńdè tí a wọlé fún sáà kejì, mi ò tíì gbé báàgì mi kalẹ̀ tí àwọn ọmọ SS2 fi bẹ̀rẹ̀ ariwo. "Mà, ẹ kú àbọ̀! Mà, fídíò dà?" Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń kọ́ni ní Jọ́gíráfì níbí ní Òṣogbo. Ọdọọdún ni mo máa ń ya òkè gíga sójú pátákó, màá fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun orí rẹ̀, màá ní òjò dídì nìyẹn. Òjò dídì tí mo ń wí yìí, inú Bíbélì àti inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò fojú kàn án rí.

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Aberdeen ní Scotland, wá ní kí n wá lo ìsinmi Kérésì lọ́dọ̀ òun, mo ṣèlérí kan fún kíláàsì mi. Mo ní màá jókòó sórí àga tó ń rìn lórí okùn, ìyẹn lífìtì tó ń gbé àwọn tó ń ṣe síkì gun òkè, àwọn tó máa ń so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ wálẹ̀ lórí òjò dídì. Màá dé òkè téńté, màá ya fídíò ibẹ̀, a ó sì jọ wò ó.

Mi ò dé òkè téńté. Afẹ́fẹ́ ni ò gbà. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan báyìí, ó ṣì ń dùn mí, ìyẹn ni mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìrìn náà fúnra rẹ̀ ò ní wàhálà. Ọláìyá ni mo ti wọ mọ́tò láago mẹ́rin ìdájí, a gba Ìbàdàn dé Èkó. Ẹrù mi wúwo, torí Màmá wa ò gbà kí n lọ lọ́wọ́ òfo: èlùbọ́, ata gígún, ẹja gbígbẹ. Nígbà tí mo dé Aberdeen lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ti ṣú, bẹ́ẹ̀ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù. Ó yà mí lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Òṣogbo wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Aberdeen wà ní 57. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́, oòrùn ibẹ̀ kì í yọ títí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ fi máa ń sún mọ́lé, kó sì tó di aago mẹ́rin ọ̀sán, ó ti wọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹni tó bá ní kí ẹ dúró fún wákàtí mẹ́ta níbẹ̀ ti gba nǹkan bí ìdajì ojúmọ́ lọ́wọ́ yín.

Àbúrò mi ṣe iṣẹ́ alẹ́ mẹ́ta láfikún kó tó rí owó ọjọ́ méjì san fún àwa márùn-ún: èmi, òun, ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn méjì tó ń pè mí ní Mọ́mì Òṣogbo. Mi ò ní dárúkọ òkè tí a lọ. Ibi márùn-ún ni wọ́n ti ń ṣe síkì lórí òkè ní Scotland, afẹ́fẹ́ ò sì yọ ọ̀kankan sílẹ̀ nínú wọn.

Òkùnkùn la fi kúrò nílé. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, mo rí i ní ẹ̀bá títì, díẹ̀díẹ̀, bí èlùbọ́ tó dà sílẹ̀ lọ́jà. Lẹ́yìn náà ó bo gbogbo ilẹ̀. Mo bẹ àbúrò mi kó dá mọ́tò dúró. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi ọwọ́ lásán bù ú. Kò dà bí yìnyín inú fíríìjì rárá. Ó fúyẹ́, ó sì ń dún lábẹ́ bàtà bí ìgbà tí èèyàn bá ń tẹ gààrí mọ́lẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ní, "Àǹtí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yín, ọwọ́ yín á kú o." Mi ò lè dá a lóhùn. Omi ń bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe òtútù ló fà á.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ni. Wọ́n to ọgbà pákó sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà síkì láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Mo rò pé ti àgùntàn ni. Àbúrò mi ní rárá, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń dẹ. Orí àwọn òkè yẹn pá, kò sí igi níbẹ̀. Bí òjò dídì bá rọ̀, afẹ́fẹ́ á gbá a lọ, ẹ̀yìn ọgbà ló sì máa ń kó o jọ sí. Bí kò bá sí ọgbà, ibi tí wọ́n máa fi ṣe síkì á di òkúta lásán. Mo ya àwòrán ọgbà yẹn tó mẹ́wàá.

A dé ìdí lífìtì ní aago mẹ́sàn-án. A ti yá bàtà, a ti wọ̀ ọ́, ó le bíi pé wọ́n da kọnkéré sí èèyàn lẹ́sẹ̀. Àwọn àga so rọ̀ lórí okùn wáyà, méjì-méjì ni èèyàn ń jókòó sórí wọn. Wọn ò rìn. Pátákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "wind hold" sí, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ló dá lífìtì dúró. Òṣìṣẹ́ kan jáde, ó ní àwọn á tún yẹ̀ ẹ́ wò ní aago mẹ́wàá. Aago mẹ́wàá kọjá, ó di mọ́kànlá. Mọ́kànlá kọjá, ó di méjìlá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọkọ̀ ní gáréèjì wa ẹ mọ ohùn yẹn. Ohùn "ó ku ẹnì kan!" ni, tí wọ́n á máa pè fún wákàtí kan gbáko, tí ẹnì kan ọ̀hún ò sì ní dé. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo dúró títí mi ò fi mọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé níbi tí a dúró sí, kò sí afẹ́fẹ́. Èémí tó ń jáde lẹ́nu wa ń lọ sókè gbọọrọ. Ọmọ àbúrò mi kékeré bi mí pé, "Mọ́mì Òṣogbo, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń sọ, ibo ló wà?" Mi ò rí èsì fún un, èmi olùkọ́.

Bàbá kan ló fún wa lésì. Ó ń fi igi gbọn yìnyín kúrò lára àga ìsàlẹ̀, ìyàwó àbúrò mi sì lọ bá a. Ó na ọwọ́ sókè sí ṣóńṣó òkè. Nǹkan funfun kan ń fò kúrò níbẹ̀, ó ń nà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí èéfín ilé ìdáná. Ó ní kì í ṣe ìkùukùu, òjò dídì tí afẹ́fẹ́ ń hó kúrò lórí òkè ni. Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ń kọ́ni wá yé èmi fúnra mi. Ilẹ̀, igi àti òkúta máa ń fa afẹ́fẹ́ sẹ́yìn nísàlẹ̀. Bó bá dé orí òkè, ọ̀nà á há fún un, á wá sáré kọjá bí omi Ọ̀ṣun ṣe ń sáré níbi tí àpáta bá ti fún un láàárín.

Bàbá náà fi sùúrù ṣàlàyé. Okùn wáyà kan ṣoṣo ló gbé gbogbo àga. Wọn ò so okùn yìí mọ́ òpó. Ó kàn gùn lé àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké lórí òpó kọ̀ọ̀kan ni, wọ́n sì ń yí lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ wá láti iwájú tàbí ẹ̀yìn ṣì ṣe é fara dà. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá ni ọ̀tá. Ó lè gbá àga lu òpó, ó sì lè ti okùn kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Àga tó ṣófo ló sì máa ń fì jù, torí kò sí ẹrù tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ti gòkè máa ń fi síkì bọ̀ wálẹ̀ ni, nítorí náà òfìfo ni ọ̀pọ̀ àga tó ń padà bọ̀. Bí okùn bá yẹ̀, ẹ̀rọ á dá ara rẹ̀ dúró, àwọn èèyàn á so rọ̀ sójú òfurufú nínú òtútù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á sì fi okùn sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Wákàtí púpọ̀ ni.

Ó tún sọ ohun kan tí mo ti gbé wá sí kíláàsì: bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Ó mẹ́nu ba Cairn Gorm, òkè mìíràn ní Scotland. Ọjọ́ 20 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1986, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ka afẹ́fẹ́ tó ń sáré 173 máìlì ní wákàtí kan, ó lé ní 270 kìlómítà. Ní òkè yẹn, afẹ́fẹ́ dá àga orí okùn dúró léraléra débi pé ní 2001 wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè láti rọ́pò rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, mi ò bínú pé lífìtì dúró mọ́. Inú ló kàn bà mí jẹ́.

Lálẹ́ Màmá wa pe fídíò láti Òkè-Fíà. Mo ń ṣàròyé. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ọdún tí ìjì ká pánù ilé wa dànù ńkọ́? Ṣé o ti gbàgbé bó ṣe gbé e kọjá ilé mẹ́ta? Tí wọ́n bá wá gbé ọmọ mi so sójú irú ìjì yẹn ńkọ́?" Mi ò gbàgbé. Mo wà ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, abẹ́ tábìlì ni àbúrò mi àti èmi wà.

Ọjọ́ kejì ṣẹnuure díẹ̀. Wọ́n ṣí lífìtì kékeré tó wà nísàlẹ̀, irú èyí tó ní igi bíi lẹ́tà T tó dorí kodò. Ilẹ̀ lẹsẹ̀ èèyàn máa ń wà, igi náà ló ń fà á gòkè lórí òjò dídì, ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ kì í fi tètè dá a dúró. Àwọn ọmọ gùn ún títí. Èmi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró: kí ẹ kó orí síkì méjèèjì pọ̀, kí ẹ ti ẹ̀yìn wọn síta. Mo ṣubú, mo dìde. Inú mi dùn gan-an ní wákàtí yẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, ariwo sọ: lífìtì ńlá ti ṣí! Gbogbo wa sáré, bí èèyàn ṣe lè sáré nínú bàtà yẹn. Mo rí àwọn àkọ́kọ́ tó jókòó, tí ẹsẹ̀ wọn kúrò nílẹ̀, tí wọ́n ń lọ sókè. Mo ti yọ fóònù mi sílẹ̀, mo ti bọ́ ìbọ̀wọ́ kan. Èèyàn méjìlá ló kù níwájú mi. Mo kà wọ́n. Ni ẹ̀rọ bá dún, ni okùn bá rọra dúró, ni òṣìṣẹ́ bá fi ẹ̀wọ̀n dínà. Wọ́n dúró díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, wọ́n rọra kó àwọn tó wà lókè lọ, wọ́n pa á. Wọn ò ṣí i mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Oòrùn ti ń lọ.

Ìwé kékeré ni wọ́n fún wa pé kí a fi wá lọ́jọ́ mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́, kí sáà síkì yẹn tó parí. Mo ní ọkọ̀ òfurufú mi gbéra ní Jímọ̀, mo ní Nàìjíríà ni mo ti wá. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì káàánú mi, mo rí i lójú rẹ̀, àmọ́ kò lágbára kankan. Owó alẹ́ mẹ́ta àbúrò mi ló wà nínú ìwé yẹn. Kò tọ́. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, owó rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dá padà fún un.

Ohun kejì tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni ìdákẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ka eré afẹ́fẹ́ wà lórí òpó, nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn lọ́fíìsì. Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sójú pátákó? "Afẹ́fẹ́ ń sáré báyìí báyìí, bó bá wálẹ̀ dé ibí a ó ṣí." Ẹni tó bá rí nọ́ńbà á mọ̀ bóyá kó dúró tàbí kó kó àwọn ọmọ lọ sílé. Ní Zermatt ní Switzerland, láti 2018, okùn mẹ́ta ni lífìtì ńlá wọn kan ń lò, méjì ń gbé e, ìkẹta ń fà á, kí afẹ́fẹ́ má bàa tètè mì ín. Mo mọ̀ pé owó ńlá nìyẹn. Àmọ́ pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ò wọ́n.

Ni mo bá dé kíláàsì mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ọgbà ilé ìwé, eruku wà lójú fèrèsé. Mo ní kí wọ́n mú okùn tí a fi ń fa omi kànga wá. A ta á láàárín igi máńgòrò méjì, a fi òwú so agolo mílíìkì méjì rọ̀ sórí rẹ̀. A rọ iyanrìn kún ọ̀kan, a fi èkejì sílẹ̀ lófìfo. Ọmọkùnrin mẹ́rin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ẹ. Oníyanrìn mì díẹ̀. Òfìfo fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó sì lu igi gbàgà. Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá pariwo pé, "Mà, àwọn àga tó ń bọ̀ wálẹ̀ nìyẹn!" Mi ò tíì dé ibẹ̀ nínú àlàyé mi.

Lẹ́yìn náà mo fi fídíò tí mo ní hàn wọ́n. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn kúrò tán ni mo yà á: ojú ọ̀nà funfun, ọgbà pákó, àwọn àga tó ṣófo tó to lọ sókè títí ojú ò fi rí wọn mọ́, gbogbo wọn ń fì. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọbìnrin kan wá sún mọ́ fóònù, ó ní, "Mà, èwo ni ì bá jẹ́ tiyín níbẹ̀?"

Mo kà á láti ìsàlẹ̀, méjì-méjì. Mo fi ìka lé ìkeje.