Ẹ Má Dojú Kámẹ́rà Yín Kọ Géètì: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́yìn Tí Olè Kó Jẹnẹrétọ̀ Wa

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti so kámẹ́rà aláìníwáyà mọ́ ilé, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń tọ́jú owó láti rà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lọ wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. Bó bá jẹ́ géètì ló ń wò gbọnrangandan, ẹ ní kí ẹni tó so ó padà wá yí i. Ohun tó gbé mi dé ibí nìyẹn, inú mi kò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọ̀nà Ìwọ́rọ́kò là ń gbé, ní Adó-Èkìtì, lápá ibi tí ilé tuntun ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín igbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe rí: ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tíì kọ́ lápá ọ̀tún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, iná tó ń wá nígbà tó bá wù ú. Kámẹ́rà tó ń lo bátìrì ló bá irú ilé wa mu. Sólà kékeré kan ń fún un lágbára, ìgbà tí nǹkan bá rìn níwájú rẹ̀ nìkan ló sì ń ká fídíò. Ẹ má sọ pé ayédèrú ni mo rà o. Owó gidi ni mo san. Ọmọkùnrin tó wá so ó náà kò fi iṣẹ́ ṣeré: ó gbé e sára ògiri iwájú ilé, ó dojú rẹ̀ kọ géètì, ó ní kò sẹ́ni tó máa wọlé tí a ò ní rí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, a lọ síbi àìsùn òkú ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjerò. Gbogbo wa la jọ lọ, a ti ilé pa. Orin ti wọra, wọ́n ń pín oúnjẹ lọ́wọ́, ni fóònù bá gbọ̀n lórí itan mi. Mo wò ó: kámẹ́rà ni. Mo ṣí i.

Ẹ̀yìn ènìyàn ni mo rí. Ọkùnrin kan tó fi fìlà bo etí tẹ̀ síwájú, ó ń ti jẹnẹrétọ̀ wa lọ lórí táyà. Ẹnìkejì rẹ̀ di géètì mú fún un. Táyà ọ̀tún jẹnẹrétọ̀ náà kò dára láti ọjọ́ pípẹ́, gbágungbàgun ló máa ń yí. Bó ṣe ń yí gbágungbàgun náà ni mo ń wò ó nínú fóònù, tí ariwo orin kò sì jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó dé ibi kọ́ńkéré tó ga lẹ́nu géètì, ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan náà wúwo, tí kò fẹ́ kó fọ́. Fídíò náà sì parí. Mo tún un ṣí. Ẹ̀yìn náà ni. Mo fi ìka fà á kó tóbi, ẹ̀yìn náà ni. Kò sí ibi tó ti yíjú sí mi rárá.

Mo pe bàbá tó ń gbé lójúkojú wa. Ohùn mi ń gbọ̀n. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde o, ẹ kàn tan iná ìta, kí ẹ sì pariwo." Bàbá ní, "Ṣé ẹ ò sí nílé ni? Mo gbọ́ tí nǹkan ń yí gbágungbàgun, mo ṣe bí ẹ̀yin lẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ yín wọlé." Nígbà tí bàbá máa fi tan iná, àwọn olè ti lọ.

Ilẹ̀ mọ́, a gbé fídíò lọ fún àwọn agbófinró. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ wò ó, ó tún un wò, ó wá bi mí pé, "Màdáàmù, ojú wọn dà?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ló bi mí. N kò rí nǹkan sọ. Kámẹ́rà tí mo tìtorí rẹ̀ fi owó aṣọ ọdún sílẹ̀, ẹ̀yìn olè ló yà fún mi.

Oníṣẹ́ mìíràn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló wá là mí lóye. Kámẹ́rà oníbátìrì kò lè lajú sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, bátìrì rẹ̀ á tètè kú. Nítorí náà ṣe ló ń sùn. Ike funfun róbótó kékeré tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ṣọ́nà, ooru ara ló sì ń ṣọ́. Ó pín iwájú rẹ̀ sí ẹ̀là ẹ̀là. Bí ooru ara ènìyàn bá ti inú ẹ̀là kan bọ́ sínú òmíràn, á jí kámẹ́rà dìde. Ẹni tó bá ń ti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì ń la ẹ̀là púpọ̀ kọjá kíákíá, kámẹ́rà á tètè jí. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá bá a tààrà lè wà nínú ẹ̀là kan ṣoṣo títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abẹ́ rẹ̀. Bí àwọn olè yẹn ṣe wọlé nìyẹn. Ojú wọn kọ kámẹ́rà láti géètì wá, kámẹ́rà ń sùn. Ìgbà tí wọ́n fa jẹnẹrétọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ̀yìn ló sì kù tó rí.

Nítorí náà, igun ilé ni kí ẹ so ó sí, kí ẹni tó bá ń ti géètì lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn gba iwájú rẹ̀ kọjá. Gíga rẹ̀ kó wà láàárín mítà 2 sí 3, kó tẹrí ba díẹ̀. Bó bá ga jù, fìlà lẹ máa máa rí; bó bá lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á kàn nawọ́ yọ ọ́ ni, mẹ́mórì káàdì tó wà nínú rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà fídíò máa lọ síbòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí agbára bá gbé e.

Àwọn kan á ní kí n kúkú lọ ra onówáyà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa fún un níná? Ohun tó kan tiwa ni pé kí router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì Wi-Fi nínú ilé, má kú. Bí router bá kú, kámẹ́rà lè ká fídíò sínú káàdì, ṣùgbọ́n fóònù yín kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wá bátìrì kékeré tó ń gbé router ró, kí ẹ sì rí i pé dátà wà. Bí router yín bá ní 2.4GHz àti 5GHz, ìyẹn oríṣi ìgbì Wi-Fi méjì, 2.4 ni kí ẹ so kámẹ́rà mọ́, òun ló ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá jù.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé kí olè má bàa rí i. Kò ṣiṣẹ́, nítorí irú ooru tí ike yẹn ń ṣọ́ kì í la gíláàsì kọjá. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku orí sólà. Ẹ máa gbá òwú aláǹtakùn kúrò lójú kámẹ́rà pẹ̀lú, torí lálẹ́ ṣe ló máa ń tàn yòò tí yóò bo gbogbo àwòrán.

Nígbà tí a yí tiwa sí igun, ẹ̀yìnkùlé bàbá ojúkojú wọnú àwòrán. Mo lọ sọ fún wọn, a sì jọ fi ètò inú fóònù bo apá ibẹ̀ dúdú. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ilé olúkúlùkù, bàbá yẹn sì ni mo pè lóru ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, ẹ dán an wò lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé kan ti géètì wọlé bí àlejò, kó dúró, kó tún rìn. Ìdí tí mo fi ní alẹ́ ni pé bí ọ̀sán bá mú ganrínganrín, tí ara ògiri gbóná bí ara ènìyàn, ike yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Àbúrò mi ló rìn fún wa. Ojú rẹ̀ yọ kedere kó tó kúrò lẹ́bàá géètì. A ti ra jẹnẹrétọ̀ mìíràn, a fi ṣéènì dè é mọ́ òpó.

Ní Sátidé yìí, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́rẹ́ ló kàn. Géètì ni tiwọn náà dojú kọ, mo sì ti ní kí wọ́n bá mi wá àkàbà sílẹ̀.