Àdúrà Mósè ni àdúrà mi lọ́dún yìí

Mi ò kọ́lé lọ́dún yìí, mi ò ra mọ́tò. Ohun tí mo ṣe jù ní Ṣágámù níbí ni pé mo ń pe ọmọ kan náà dìde láràárọ̀, mo ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń là wọ́n níjà lórí ẹni tó máa jókòó létí fèrèsé. Mo kà á mọ́ iṣẹ́ tí mo jẹ́ fún Olúwa lọ́dún yìí, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ìkọ́kọrẹ́ ló là mí lójú. Ní Sátidé kan, mo rin ewùrà títí apá fi ń ro mí, ẹni tó bá sì ti rin ewùrà rí mọ bó ṣe máa ń yúnni lọ́wọ́. Epo, ata, edé àti ẹja gbígbẹ ti hó, mo ń já a sínú ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò tètè rò ó, torí ìkọ́kọrẹ́ tí kò bá ní kókó, ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa jẹ ẹ́? Mo gbé e kalẹ̀ tán, àkọ́bí mi wo abọ́, ó ní, "Mọ́mì, ìkọ́kọrẹ́ náà tún ni?" Omi bọ́ lójú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ka Númérì orí 11. Mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run ń fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, ti sú wọn, ẹja Íjíbítì, bàrà, àlùbọ́sà àti ààyù ni wọ́n ń rántí. Mósè wá bi Ọlọ́run bóyá òun lòun lóyún gbogbo wọn, tí wọ́n fi ní kí òun máa gbé wọn sáyà bí ọmọ ọmú. Ó ní tó bá jẹ́ bó ṣe máa rí nìyí, kí Ọlọ́run kúkú pa òun.

Ọlọ́run ò bá a wí! Ó ní kó kó 70 àgbà jọ, Òun á mú lára Ẹ̀mí tó wà lára rẹ̀ sára wọn, kí wọ́n lè bá a ru ẹrù náà. Nínú ìjọ, tó bá ti rẹ ìyá ọmọ, ohun tá a máa ń sọ ni pé kó túbọ̀ gbàdúrà, pé àwọn kan ń wá ohun tó ní. Òótọ́ ni. Àmọ́ èèyàn ni Ọlọ́run fi dá Mósè lóhùn. Èèyàn náà ló fi dá mi lóhùn: ìyá ọkọ mi tó ń wọkọ̀ wá láti Ìpẹru, aládùúgbò tó ń bá mi ká aṣọ ilé-ìwé wọlé bí òjò bá ṣú, bàbá wọn tó gba iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ mi.

Abíkẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́dún yìí. Nínú Hóséà orí 11, Ọlọ́run ní Òun kọ́ Éfúráímù, ìyẹn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ní ìrìn, Òun dì í lápá mú, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé Òun ló wò wọ́n sàn. Ọ̀rọ̀ yẹn sọ sí mi lọ́kàn lóru tí ara ọmọ náà gbóná. Iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wo ojú rẹ̀, mo ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára. Kò ní rántí òru yẹn láéláé. Èmi náà ò kúkú rántí irú ẹ̀ tí ìyá mi ṣe fún mi, ká má tíì sọ èyí tí Ọlọ́run ti ṣe.

Àwa ìyá mélòó kan nínú ìjọ ti fẹnu kò pé, láti oṣù kìn-ín-ní, a ó máa bá ara wa mú ọmọ lọ́sàn-án Sátidé, kí ìyá kan lè sùn. Èmi ni màá kọ́kọ́ gbàlejò wọn.